Conrad Schlumberger: Ọkùnrin tó fi iná mànàmáná bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀

Orúkọ kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Schlumberger rí. Bí ẹ bá dárúkọ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì ní Èkó tàbí Port Harcourt, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ọkàn wọn yóò lọ bá, ilé-iṣẹ́ tó sọ ara rẹ̀ di SLB lọ́dún 2022. Bí ẹ bá sì dá a fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa inú ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wádìí ibi tí omi wà kí wọ́n tó gbẹ́ kànga ni wọn yóò ṣàlàyé fún yín. Àmọ́ kí ó tó di orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ó sì tó di orúkọ ọ̀nà ìwádìí, orúkọ èèyàn ni. Conrad Schlumberger ni ẹni náà, olùkọ́ kan nílẹ̀ Faransé, tó kú lọ́dún 1936. Òun ló fi hàn pé èèyàn lè dúró lórí ilẹ̀, kó fi iná mànàmáná bi ilẹ̀ léèrè ohun tó gbé sínú, kí ilẹ̀ sì dáhùn.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1878 ni wọ́n bí Conrad ní ìlú Guebwiller, ní agbègbè Alsace. Ilẹ̀ Faransé ló ni agbègbè náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Jámánì ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jà láàrin ọdún 1870 sí 1871, abẹ́ ìjọba Jámánì ni wọ́n sì bí ọmọ náà sí. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ni ìdílé Schlumberger, iṣẹ́ aṣọ híhun ni wọ́n fi là. Paul ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Marguerite de Witt, wà lára àwọn aṣáájú tó jà fitafita kí àwọn obìnrin Faransé lè ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Jean, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé. Marcel, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí lọ́dún 1884, ni ẹni tí yóò wá di ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn méjèèjì yóò jọ ru ẹrù kan náà títí ikú yóò fi yà wọ́n.

Nílùú Paris ni Conrad ti kàwé. Ó gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga École Polytechnique kọjá, ó sì tún lọ sí École des Mines, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjinníà nípa wíwa àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Lọ́dún 1907, ilé-ẹ̀kọ́ kejì yìí náà ló gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, onírònú èèyàn sì ni pẹ̀lú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò ju ìbéèrè kan lọ: kí ló dé tó jẹ́ pé kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ?

Ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè náà. Láyé ìgbà yẹn, àmì ojú ilẹ̀ nìkan ni àwọn tó ń wá àlùmọ́ọ́nì ń tẹ̀ lé. Ilẹ̀ Yorùbá tiwa náà rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga epo kiri agbègbè Okitipupa, nítorí pé ọ̀dà dúdú ń sun jáde lójú ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ibí, wọ́n gbẹ́ ọ̀hún. Bergheim kú lọ́dún 1912, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914, iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n láìrí epo tó ṣeé tà. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wọn kò ní ojú tí wọ́n lè fi wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni.

Ojú yẹn ni Conrad ń wá ní Paris lásìkò kan náà. Ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá bákan náà. Bàbà àti irin kì í dí i lọ́nà rárá. Omi oníyọ̀ náà ń jẹ́ kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n òkúta líle tó gbẹ máa ń takò ó gan-an. Ó wá rò ó pé bí òun bá rán iná sínú ilẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, tí òun sì ń wọn bí ó ṣe ń rìn, ó yẹ kí òun lè mọ irú ohun tó pàdé lọ́nà. Lọ́dún 1911, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán èrò náà wò. Ó wá ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan tí wọ́n fi bàbà ṣe, ó rọ iyanrìn kún un, ó ti irin bọ inú iyanrìn náà, ó rán iná gba inú rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ wọn agbára iná náà káàkiri.

Nígbà tó di ọdún 1912, ó kó wáyà àti irin rẹ̀ jáde kúrò nínú ilé, ó gbé wọn lọ sí Val-Richer, oko ìdílé wọn ní agbègbè Normandy. Ibẹ̀ ló ti ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí àwòrán náà ṣe rí. Bí èèyàn bá sọ òkúta sínú odò tó dákẹ́, ìgbì yóò máa tàn ká ní róbótó yí ojú ibi tí òkúta náà bọ́ sí. Bákan náà ni agbára iná ṣe ń tàn ká nínú ilẹ̀ tó bá jẹ́ irú kan náà látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun àjèjì kan bá wà nísàlẹ̀, bóyá irin ni o, bóyá òkúta ni o, róbótó náà yóò wọ́, yóò tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún. Títẹ̀ yẹn ni Conrad ń kà bí ẹni ń ka ìwé. Lọ́dún 1913, ó gbé ọgbọ́n náà lọ sí Bor lórílẹ̀-èdè Serbia, ó sì fi í rí bàbà níbi tí kò ti sí àmì kankan lójú ilẹ̀. 

Ogun ló dá iṣẹ́ náà dúró. Láti ọdún 1914 ni Conrad ti wọ aṣọ ológun, ó wà lára àwọn ọ̀gá tó ń darí ìbọn ńlá. Daniel, ọmọ ìyá rẹ̀, kò padà wálé, ojú ogun ló kú sí. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1918, Alsace padà sọ́wọ́ Faransé, Conrad náà sì padà sídìí wáyà rẹ̀. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ náwó sórí ohun tí kò dá lójú.

Bàbá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ìpọ́njú yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1919, Paul Schlumberger pe Conrad àti Marcel jókòó, wọ́n sì jọ kọ ìwé àdéhùn. Bàbá náà yóò máa fún wọn lówó títí dé 500,000 owó faranki láti fi ṣèwádìí. Àwọn ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ fi owó yìí ṣe nǹkan mìíràn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ mìíràn pín ọkàn ara wọn níyà. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé bàbá náà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìmọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé, kí èrè owó tó tẹ̀ lé e. Ẹ rántí pé oníṣòwò ni bàbá yìí o, ẹni tó mọ iye owó dáadáa ni. Síbẹ̀, ó yé e pé bí èèyàn bá fi ìkánjú kórè, àgbàdo tí kò gbó ni yóò ká.

Marcel fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Conrad ni onírònú, Marcel ni ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ, ohun tí èkínní bá rò ni èkejì ń rọ. Lọ́dún 1920, Conrad tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè fi iná mànàmáná wádìí inú ilẹ̀. Lọ́dún 1923, àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Aricești lórílẹ̀-èdè Ròmáníà, wọ́n fi ọ̀nà náà ya àwòrán òkìtì iyọ̀ ńlá kan tó rì sísàlẹ̀ ilẹ̀, irú ibi tí epo rọ̀bì máa ń sá pamọ́ sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iná mànàmáná tọ́ka sí ilé epo.

Láàrin àwọn ọdún wọ̀nyí náà ni ọ̀nà tí a mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní fìdí múlẹ̀. Irin mẹ́rin ni wọ́n máa ń kàn mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Méjì tó wà lẹ́yìn òde ló ń gbé iná wọlẹ̀, méjì tó wà láàrin ló ń wọn ohun tó kù nínú agbára iná náà. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń wọlẹ̀ jìn sí i. Láìgbẹ́ kòtò kankan, wọn yóò mọ bí ilẹ̀ ṣe tò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà yìí gan-an ló wúlò jù lọ fún ilẹ̀ Èkìtì. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ayédé àti Ìṣàn, orí àpáta àtayébáyé ni wọ́n tẹ̀dó sí. Epo rọ̀bì kì í gbé inú irú àpáta bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ wá a níbẹ̀ ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò ni. Omi náà kì í sí níbi gbogbo nínú rẹ̀, àyàfi níbi tí àpáta bá ti jẹrà di erùpẹ̀ tó nípọn, tàbí níbi tó bá ti sán. Ìdí nìyẹn tí onílé kan fi lè gbẹ́ bọ́hòlù kí omi tú jáde, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ kó má rí ju eruku lọ. Òkúta tó gbẹ ń takò iná, èyí tó ti jẹrà tó sì mu omi kì í takò ó tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ yìí sì ni irin mẹ́rin Schlumberger ń fi hàn. Àmọ́ ó gba ọgbọ́n láti kà á, nítorí amọ̀ náà ń jẹ́ kí iná kọjá bí omi, bẹ́ẹ̀ omi tó ń tú sílẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Conrad. Lọ́dún 1926, òun àti Marcel dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Paris, ọdún yẹn náà sì ni Paul, bàbá wọn, jáde láyé. Kò rí èrè owó rẹ̀ kó tó lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, iṣẹ́ náà yí padà pátápátá. Conrad ti rò ó pé dípò kí irin máa wà lójú ilẹ̀ nìkan, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga tí wọ́n ti gbẹ́, kó máa sọ ohun tó rí lọ́nà. Ó yan Henri Doll, ọkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 25, láti ṣe é. Doll àti àwọn méjì mìíràn lọ sí Pechelbronn, ní Alsace tí wọ́n ti bí Conrad, níbi kànga epo kan tó jìn tó nǹkan bí mítà 500. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ tó ń fa wáyà náà. Wọn yóò fà á díẹ̀, wọn yóò dúró wọn agbára iná, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, wọn yóò tún fà á. Nígbà tí wọ́n so àmì wọ̀nyẹn pọ̀ lórí bébà, ìlà kan jáde tó ń lọ tó ń bọ̀, ìlà yẹn sì ni àpèjúwe àwọn ìpele inú ilẹ̀ kànga náà.

Ohun tó jẹ́ kó wúlò fún epo kò le. Inú òkúta tó ní ihò wẹ́wẹ́, bíi yanrìn tó ti dì, ni epo ń gbé. Bí omi oníyọ̀ bá kún inú ihò náà, iná yóò kọjá. Bí epo tàbí gáàsì bá ti lé omi náà jáde, iná kò ní rọ́nà gbà, àtakò yóò sì ga. Láti ọdún 1929, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Venezuela, ní Amẹ́ríkà àti ní Sófíẹ́ẹ̀tì, nílùú Grozny àti Baku. Nígbà tí ọrọ̀-ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, iṣẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì ló gbé wọn ró. Wọ́n tún padà sí Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ọdún 1934, wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ nílùú Houston.

Ọdún 1934 yìí náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí nígbà náà. Conrad, Marcel àti alábàáṣiṣẹ́ wọn, E. G. Leonardon, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí a ṣe lè fi iná mànàmáná wádìí ilẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ kò kéré. Omi òkun fúnra rẹ̀ ń gbé iná lọ, nítorí náà iná tí èèyàn bá rán yóò fẹ́ gba inú omi sá lọ ju kó wọ ilẹ̀ lọ. Ṣáájú èyí, láti bí ọdún 1921, ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà tún ti ń wọn iná kan tí ẹnikẹ́ni kò rán, èyí tó ń rìn nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí ìyípadà òòfà tó yí ayé ká. Irúgbìn méjì nìyí tí Conrad gbìn tí kò dúró jẹ èso wọn.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 1936, ó rìnrìn àjò lọ sí Moscow nítorí iṣẹ́ wọn ní Sófíẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ń bọ̀ nílé, ó yà sí Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú lẹ́ni ọdún 57. Ó fi Louise, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin mẹ́ta sáyé. Ọ̀kan nínú wọn, Dominique de Menil, di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ ọnà tó kó jọ. Marcel ló ń tukọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ títí òun náà fi kú lọ́dún 1953.

Ọdún 1953 náà ni Louis Cagniard, ará Faransé, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè wọn iná tó ń rìn nínú ilẹ̀ pẹ̀lú òòfà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì fi mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ jíjìn. Ní Amẹ́ríkà, Charles Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Scripps wá ń gbé ẹ̀rọ irú èyí lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Lọ́dún 2000, ní etí òkun Àǹgólà, ilé-iṣẹ́ Statoil ti Norway àti àwọn onímọ̀ láti Scripps àti Southampton dán an wò lórí ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé epo wà, nínú omi tó jìn ju mítà 1,000 lọ. Wọ́n sọ àwọn ẹ̀rọ tó ń gba àmì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ òkun, ọkọ̀ ojú omi sì ń fa wáyà gígùn kan tó ń rán iná jáde kọjá lókè wọn. Ibi tí epo wà takò iná gẹ́gẹ́ bí Conrad ti sọ, àmì rẹ̀ sì hàn.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe idán o. Iyọ̀ ń takò iná, òkúta líle náà ń takò ó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo fi ń lò ó pọ̀ mọ́ ìwádìí tí wọ́n ń fi ìró ṣe, tí èkínní yóò sọ bí ilé ṣe rí, tí èkejì yóò sọ ẹni tó wà nínú ilé. Ó wúlò púpọ̀ nínú omi jíjìn, irú omi tí Bonga wà nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ibi tí wọ́n ti ń wa epo láti ọdún 2005. Kànga kan ṣoṣo nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, ẹni tó bá sì gbẹ́ òfo ti pàdánù gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ìtàn ọkùnrin yìí fi kọ́ wa ju ọ̀rọ̀ epo lọ. Láti ọdún 1911 tí ó ti ń rin iyanrìn nínú ọpọ́n títí di ọdún 1927 tí ìlà jáde lórí bébà ní Pechelbronn, ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bí kò bá sí bàbá kan tó gbà láti náwó sórí ìmọ̀ láìbéèrè èrè lọ́wọ́ kan náà, inú ọpọ́n yẹn ni èrò náà ìbá kú sí. A ń pe Èkìtì ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, a sì ń fi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ibẹ̀ jáde yangàn. Owó kò wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà nílé lóko. Owó tí wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́hòlù láìṣe ìwádìí, tí omi kò sì jáde, ìbá ra irin mẹ́rin, wáyà àti ẹ̀rọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, kí wọ́n máa fi ya àwòrán inú ilẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga lè mọ ibi tí yóò fọwọ́ lé. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè má rí èrè rẹ̀ kó tó kú, bí Paul Schlumberger kò ṣe rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n omi yóò máa sun.